Ìkòkò Tí Wọ́n Ní Ká Má Fọwọ́ Kàn

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí,
ní Àgbádárìgì, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń gbá fèrèsé.
Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi lóṣooṣù:
"Ẹ má fọwọ́ kàn án."
Mo sọ ọ́ fún ọmọ iléèwé, mo sọ ọ́ fún òyìnbó,
mo sọ ọ́ lójú oorun,
ìyàwó mi jí mi, ó ní ta ni mò ń bá wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ṣú,
Mautin dé láti Ajárá,
obìnrin tí èéfín ààrò iyọ̀
ti gba ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gba ẹ̀san ajọ.
Viyọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lórí àga onítáyà níwájú,
ìyá àgbà ń tì í lẹ́yìn.
"Yà sọ́tùn-ún, màmá. Kòtò wà níbẹ̀."
Báyìí ni wọ́n ṣe wọlé.
Wọ́n san owó odindi èèyàn méjì.
Mo gbà á. Mi ò ronú kan nǹkan kan.

Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ilé wa.
Viyọn kà wọ́n láti ìsàlẹ̀, bí ẹni ń ka gbèsè.
Mo ní, "Wá, jẹ́ n pọ̀n ọ́."
Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí.
Ẹ mú màmá lọ. Wọ́n á wá sọ fún mi."

Lókè, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára dígí.
Èdè òyìnbó ni; mo yí i sí Yorùbá.
Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n sọ ọ́ ní Ègùn.
Èmi, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti ń jẹ akàn wọn láti ọjọ́ yìí,
ìkíni àárọ̀ nìkan ni mo gbọ́ nínú èdè wọn.

"Ìkòkò ẹmu ni," mo wí. "Ti ààfin. Ó ti pẹ́."
"Báwo ló ṣe rí?"
Mo la ẹnu.
Ó pupa. Ó rí roboto.
Ọdún mọ́kànlá, ohun tí mo rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wẹ̀yìn wò. Ọ̀gá wa ti lọ sí Ìkẹjà nítorí ìwé owó.
Mo ṣí dígí.

Ó nu ọwọ́ sí ìró, ọ̀tún, òsì,
bí ẹni fẹ́ gba ọmọ tuntun.
Ọwọ́ rẹ̀ gba etí ìkòkò, ó gba ọrùn, ó sọ̀kalẹ̀ sínú,
ó dúró níbi tí ìdí rẹ̀ ti rí ṣákiṣàki.
Ó fi ìka kan ahọ́n.
Ó bú sẹ́rìn-ín.
"Ẹmu kẹ̀! Ta ló parọ́ fún yín?
Iyọ̀ ló jẹ ìdí ìkòkò yìí báyìí.
Ìyá mi ní irú ẹ̀ mẹ́ta. Mo fọ́ ọ̀kan,
ẹ̀yìn mi kò tíì gbàgbé."

Ó fa ọwọ́ mi. "Di ojú ẹ."
Mo di í.
Lábẹ́ etí ìkòkò, nínú lọ́hùn-ún, ojú ibì kan jìn díẹ̀:
àtàǹpàkò ẹnì kan,
ibi tó ti tẹ amọ̀ kó tó gbé e síná.
Àtàǹpàkò mi kò gba ibẹ̀.
Ọwọ́ obìnrin náà kéré.

Ọ̀gá dé, ó pariwo,
lẹ́yìn náà òun náà fi ìka kan ahọ́n.
Ìkòkò iyọ̀ ti wà nísàlẹ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi,
Viyọn ló fi Ègùn kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí,
Yorùbá tẹ̀ lé e, òyìnbó kẹ́yìn.
Omi àti ọṣẹ wà nínú abọ́ lẹ́nu ọ̀nà.
"Ẹ fọ ọwọ́," ni mo ń wí. "Ẹ fọwọ́ kàn án."
Ẹnu mi ṣì ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba
nítorí ọ̀nà tí táyà lè gbà gòkè.
Gbogbo ìgbà tí Viyọn bá wá, yóò kọ́kọ́ kí mi,
yóò kí ìkòkò,
yóò wá gbójú sókè, yóò máa kà.
Mẹ́rìndínlógún ni, síbẹ̀.